Ta ló ní káàdì lẹ́tà ní èdè Ègùn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ 24 ló wà ní kíláàsì ìwé kíkà ìrọ̀lẹ́ wa ní Màkòkó, láti ọmọ ọdún 8 sí 13. A kì í fi ọjọ́ orí pín wọn. Káàdì lẹ́tà àti ìpínrọ̀ kékeré kan la fi ń dán kálukú wò: ẹni tí kò dá lẹ́tà mọ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó mọ lẹ́tà àmọ́ tí kò lè so wọ́n pọ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó ń ka gbólóhùn lọ́tọ̀.

Èdè ló ń dí wa lọ́wọ́. Ègùn ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ nílé. Tí a bá gbé káàdì “ẹ” tó ní àwòrán ẹja sókè, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹja nílé ni wọ́n máa dáhùn, kò sì sí “ẹ” kankan níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwòrán wá ń tú ohun tí lẹ́tà ń kọ́ wọn ká.

Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ elédè Ègùn ní ìwé kíkà, ẹ jọ̀ọ́, àwòrán wo lẹ ń lò? Ṣé Ègùn nìkan lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀, àbí ẹ ń pa á pọ̀ mọ́ Yorùbá? Oṣù mélòó ló sì máa ń gbà kí wọ́n tó lè so lẹ́tà pọ̀?