Láti 2015 ni mo ti ń kọ àfojúsùn sínú ìwé. Kí ni mo wá ṣe láyé gan-an?

TísàKabba béèrè pé:

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti ń gba oorun lójú mi.

Ọmọ ọdún 34 ni mí. Kabba ni mò ń gbé, iléèwé aládàáni kan ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta. Mo gba NCE ní 2014. Láti ọdún kejì rẹ̀ ni mo ti ní ìwé ńlá kan tó ní ẹ̀yìn pupa. Gbogbo àìsùn ọdún tuntun ni mo máa ń kọ ohun tí mo fẹ́ ṣe lọ́dún náà sínú rẹ̀. Ní àìsùn tó kọjá, pásítọ̀ ní ká kọ ọ́, ká gbé e sókè, ká gbàdúrà sí i. Mo kọ́kọ́ ka ti àwọn ọdún tó ti lọ. Nǹkan méje kan náà ni, ọdún dé, ọdún lọ: kí n gba dìgírì, kí n kọ́lé, kí n lọ Kánádà, kí n ra mọ́tò, kí n ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí n lọ́kọ, kí n fọn díẹ̀. Báírò wà lọ́wọ́ mi, mi ò kọ nǹkan kan. Àwọn èèyàn gbé ìwé tiwọn sókè, èmi gbé ojú ìwé òfìfo sókè.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún yìí. Ìyá mi ń ta kaṣú. Mo bá wọn gbé àpò lọ sí ibi tí wọ́n ti ń rà á. Òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé síbẹ̀ lójú bí aago, ó ń ka dé 100 kílò. Màmá kan wà níwájú wa. Kí wọ́n tó gbé àpò tiwọn lé e, mo wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà, kò sí lórí òdo, 98 ló wà. Ìyẹn ni pé kílò méjì ti lọ nínú àpò kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Mi ò bá wọn jà. Mo fa màmá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo mú igi, mo fa òbìrìkìtì sílẹ̀, mo kọ 0 sókè rẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, bí abẹ́rẹ́ bá dúró sápá òsì eléyìí, ẹ̀yin ni wọ́n ń jẹ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé àpò yín lé e títí á fi dé orí rẹ̀." Wọ́n tẹjú mọ́ ilẹ̀ títí. Wọ́n yọ bàtà, wọ́n fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ òdo náà. Wọ́n wá padà sídìí òṣùwọ̀n, wọ́n ní, "Gbé e sórí òdo." Ọmọkùnrin tó ń wọ̀n ọ́n wò wọ́n lójú, ó yí nǹkan kékeré kan, abẹ́rẹ́ padà sípò.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn màmá mẹ́rin, márùn-ún ti ń wá sílé wa nírọ̀lẹ́. A ń ka òǹkà, a ń kọ orúkọ, a ń kọ nọ́ńbà fóònù. Mi ò gba kọ́bọ̀. Mo lè ti iléèwé dé kí ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu, bí wọ́n bá ti jókòó báyìí, àárẹ̀ náà á lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Àbújá ti wá bá mi rí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Owó rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí mò ń gbà. Kí oṣù yìí tó parí ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì mi. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló san owó NCE mi, mi ò lè fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ohun báyìí ni òun wá ṣe láyé, tí kì í ṣe pé inú òun kàn ń dùn sí i? Bó bá sì jẹ́ òun ni, báwo ni mo ṣe fẹ́ to ayé mi yí ohun tí kò mówó wọlé ká?

ỌmọMopa fèsì pé:

Àǹtí mi, ẹ kú ìrònú. Ẹ lọ sí Àbújá. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ ṣiṣẹ́, ẹ tọ́jú owó, ẹ padà wá kọ́ àwọn màmá yẹn láìjẹ pé ẹ ń wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kún un. Ọdún méjì lèmi náà ní mo fẹ́ lò nígbà tí mo dé Àbújá ní 2016. Mo ṣì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dè mí mọ́lẹ̀. Mi ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé iye owó báyìí ni mo bá rí tí n ó fi padà wálé, torí náà kò sí iye tó tó. Bí ẹ bá máa lọ, ẹ kọ iye náà àti ọjọ́ tí ẹ máa padà, kí ẹ fún Mọ́mì yín tọ́jú. Ẹ má fún ọ̀rẹ́ o. Ọ̀rẹ́ á ní kí ẹ fi ọdún kan kún un.

AláróOgidi fèsì pé:

Àbúrò mi, mo kí ọ. Ṣé o mọ Mama Nike, Nike Okundaye, tí wọ́n bí ní Ogidi wa níbí ní 1951? Ìyá àgbà ló kọ́ wọn ní aṣọ híhun àti àdìrẹ. Lónìí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ ọwọ́ níbí àti ní Òṣogbo. Ìdí tó fi lè jẹ́ ọ̀fẹ́ ni pé aṣọ àti iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń tà ló ń bọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn: má ṣe béèrè pé kí kíkọ́ àwọn màmá mówó wá. Wá nǹkan kan tó máa bọ́ ọ. Tísà ni ọ́, ṣé kò sí òbí tó fẹ́ kí o máa kọ́ ọmọ wọn lẹ́sìnnì lọ́sàn-án ni?

BàbáIyara fèsì pé:

Ọmọ mi, okun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ.

Èmi náà ní àfojúsùn rí. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tísà lábẹ́ ìjọba Kwara ní 1978. Nígbà tó fi máa di 1991, mo ti wà ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin. Mo ti ra ilẹ̀, mo ti gbẹ́ ìpìlẹ̀, búlọ́ọ̀kù 600 ti wà nílẹ̀. Èrò mi ni pé kí n wọ ilé náà kí n tó pé ogójì ọdún. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, ìjọba ológun dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. Wọ́n yọ apá tiwa kúrò lára Kwara, wọ́n pa wá pọ̀ mọ́ àwọn ará Ígálà tó wà ní Benue. Kò pẹ́, àwa tí a jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ tuntun kó ẹrù lọ sí Lọ́kọ́ja. Àwa mẹ́rin la sùn sí yàrá kan fún oṣù mẹ́jọ. Mo ta ilẹ̀ Ìlọrin. Búlọ́ọ̀kù, mo fi sílẹ̀ fún ẹni tó rà á. Inú bí mi débi pé mi ò lè gbàdúrà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná kò sí, mo bi ara mi pé kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ kí ilé yẹn ṣe fún mi. Ohun tó jáde nínú mi ni pé mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi ní ibì kan tí gbogbo wọn á máa pé sí lọ́dọọdún. Ṣé Ìlọrin nìkan ni ìyẹn ti lè ṣẹlẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé sí Iyara. Ọdún mọ́kànlá ló gbà mí, yàrá mẹ́ta péré ni. Wọ́n sì ń pé síbẹ̀.

Nítorí náà, mú ìwé pupa yẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan, kọ "nítorí kí", kí o parí rẹ̀ láìpurọ́. Bí nǹkan méjì bá ní "nítorí kí" kan náà, mú èyí tó sún mọ́ ọ, fi ìkejì sílẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ nítorí ojú ẹlòmíràn, fa igi lé e.

Ní ti bí o ṣe máa mọ̀, àwọn àgbà ní àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo dàgbà sí, mi ò mọ Ifá, ṣùgbọ́n mo gba apá kan ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́: ẹni tó kúnlẹ̀ yàn, bó bá délé ayé, kò rántí mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló máa rán an létí. Ọwọ́ tìrẹ ti ń rán ọ létí láti oṣù kẹta.

Má sì fi oṣù kìíní bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ. Láti oṣù kejì títí dé ìkarùn-ún, inú oko kaṣú ni àwọn ìyá yẹn máa wà. Oṣù kẹwàá ni kí o bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ti mọ òdo àti kílò dunjú kí kaṣú tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Bí o bá sì fẹ́ dìgírì náà, NCE rẹ lè gbé ọ wọ ọdún kejì ní yunifásítì nípasẹ̀ Direct Entry. Ẹ̀kọ́ àgbà wà lára ohun tí wọ́n ń kà níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ náà ní àjọ tó ń bójú tó irú ẹ̀kọ́ yìí láti 1990, NMEC ni wọ́n ń pè é. Béèrè ẹni tó ń rí sí i ní ìjọba ìbílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Láàárín 1950 sí 1960, nígbà tí Kabba ṣì wà lábẹ́ ìjọba Àríwá, wọ́n gbé ètò mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà kan dìde fún àwọn àgbà, Yaki da Jahilci, ìyẹn "ogun sí àìmọ̀kan" lédè Hausa. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara wọn. Mi ò mọ orúkọ tísà náà, mi ò rí i rí. Ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, torí bàbá mi kọ ọ́ títí wọ́n fi kú: "K" kan báyìí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ti gbogbo èèyàn lọ. Èmi náà ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

TísàKabba fèsì pé:

Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, mo sunkún lórí "K" yẹn.

Mo ṣe "nítorí kí". Kánádà: nítorí kí àwọn tí a jọ ṣe NCE má bàa rò pé mo ti rà sí Kabba. Mọ́tò: bákan náà. Ṣọ́ọ̀bù: nítorí kí n má bàa máa tọrọ owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí lẹ́sìnnì náà lè ṣe nìyẹn, AláróOgidi. Mo ti bá òbí mẹ́ta sọ̀rọ̀, méjì ti gbà. Ọkọ ṣì wà níbẹ̀, mi ò fa igi lé e. Dìgírì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n "nítorí kí" rẹ̀ ti yí padà.

ỌmọMopa, mo gba ìmọ̀ràn yín, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni mo ṣe. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ogún màmá ti mọ òṣùwọ̀n kà kí oṣù kìíní tó parí, mo sì kọ iye tó gbọ́dọ̀ máa wọlé fún mi lóṣù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, n ó tún Àbújá gbé yẹ̀ wò. Mọ́mì ti ká a sínú Bíbélì wọn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ àná. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Wọ́n ní kí n fún àwọn láyè kí àwọn ronú sí i.

Màmá tó fi ẹsẹ̀ tẹ òdo wá nírọ̀lẹ́ yìí, wọ́n mú ọ̀rẹ́ wọn kan dání. Kí n tó jáde nínú ilé, wọ́n ti mú igi, wọ́n ti ń fa òbìrìkìtì sílẹ̀ fún un. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Òdo tí wọ́n kọ fẹ̀ jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo òkè òṣùwọ̀n náà. Mi ò tún un ṣe.