Sildenafil tàbí tadalafil: èwo ni ó rọ ọkùnrin lọ́rùn jù?

Ìbéèrè (Ògbómọ̀ṣọ́): Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ẹni ọdún 58 ni mí. Nítorí pé nǹkan ọkùnrin mi kò le dáadáa mọ́, dókítà kọ sildenafil fún mi. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ àmàlà pẹ̀lú ẹran ọlọ́ràá, ó máa ń pẹ́ kí ó tó jẹ́. Ìyàwó mi ní wíwo aago ti sú òun. Ṣé tadalafil yóò bá wa mu jù?

Èsì (Ọ̀yọ́): Ẹ ǹlẹ́ o, bàbá. Apòògùn ni mí. Agbára sildenafil máa ń tó wákàtí 4 tàbí 5, ti tadalafil sì lè tó wákàtí 36, oúnjẹ ọlọ́ràá kì í sì í dí i lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ti fún àwọn ọkùnrin kan náà ní méjèèjì lò, àwọn tí ó yan tadalafil ni ó pọ̀ jù. Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá ń lo oògùn nitrate fún àyà dídùn, ẹ má fẹnu kan èyíkéyìí nínú wọn, nítorí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.

Èsì: Ẹ̀gbọ́n, sildenafil ni èmi padà sí, torí ẹ̀yìn ríro kò jẹ́ kí n gbádùn tadalafil. Ẹ ní kí dókítà yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò pẹ̀lú. Ibi àìle nǹkan ọkùnrin yìí ni wọ́n ti rí ìtọ̀ ṣúgà tèmi.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. N kò lo oògùn àyà kankan. Èmi àti ìyàwó mi yóò jọ lọ bá dókítà lọ́jọ́ Ajé.