Òjò rọ̀ lóko mi, sátẹ́láìtì ní kò rọ̀

Àgbẹ̀Kékeré: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Mo ní rain gauge kan, ohun tí wọ́n fi ń wọn òjò, lóko mi lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, aago méje àárọ̀ ni mo máa ń lọ wò ó. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè òjò kàn ń rọ̀ wínníwínní látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ilẹ̀ mọ́ mo bá 9mm nínú ẹ̀, mo wá wo máàpù sátẹ́láìtì lórí fóònù, òdo ni wọ́n kọ síbẹ̀. Òdo o! Ṣé gauge mi ló bàjẹ́ ni àbí àwọn tó wà lókè ni ò ríran?

OjúSánmọ̀: Ọ̀gá, gauge yín ò ṣe nǹkan kan jàre. Ẹ̀rọ microwave tó wà lára GPM, sátẹ́láìtì tó ń wo òjò tí NASA àti àwọn ará Jàpáàn jọ gbé lọ sókè ní 2014, ìtànṣán tí ojú èèyàn ò lè rí, tó ń jáde látìsàlẹ̀, ló ń wò. Lórí òkun, omi tutù lójú ẹ̀, òjò á hàn ketekete. Lórí ilẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ gbóná lójú ẹ̀ bíi òjò gan-an, kò mọ ìyàtọ̀, ló bá di pé yìnyín wẹ́wẹ́ tó wà lókè ìkùukùu ló ń wá, torí yẹn ló ń fọ́n ìtànṣán ká. Òjò tó ń sán ààrá ní yìnyín yẹn rẹpẹtẹ. Wínníwínní July sí August tiwa yìí, ìkùukùu ẹ̀ kúrú, kò ga dé ibi tí omi ti ń dì, kí ló fẹ́ rí níbẹ̀?

IyawoBuffalo: Ẹ wá wo tiwa níbí 😂 ní Buffalo, Amẹ́ríkà, snow tó ń ti adágún Erie wá, ìkùukùu ẹ̀ ò ga rárá, bẹ́ẹ̀ rédà GPM kì í rí bíi kìlómítà kan sí méjì tó sún mọ́ ilẹ̀, ìtànṣán tó ń ta padà látilẹ̀ á ti bò ó. Èyí tó ti balẹ̀ ló rọrùn. MODIS, ẹ̀rọ ayàwòrán NASA tó wà lórí sátẹ́láìtì míì, á wo ibì kan náà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí àti infrared, ìyẹn ìtànṣán tí ojú ò lè rí: snow funfun báláú nínú ti àkọ́kọ́, ó dúdú nínú ìkejì, ìkùukùu sì sábà máa ń mọ́lẹ̀ nínú méjèèjì. Bí wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀ nìyẹn.

Àgbẹ̀Kékeré: Èwo ni kí n wá gbàgbọ́ báyìí?

OjúSánmọ̀: Gauge yín. Ojú kan lórí IMERG, máàpù òjò tí wọ́n ń ti ara GPM àtàwọn sátẹ́láìtì míì yà, tó kìlómítà 10 níbùú lóòró, ẹnu gauge yín ò ju agolo mílíìkì lọ. Ẹ dúró de máàpù IMERG èyí tí wọ́n ń gbé jáde lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta ààbọ̀, gauge orí ilẹ̀ ni wọ́n fi ń tún un ṣe.

Àgbẹ̀Kékeré: Ó da, ẹ ṣeun gan-an. Ewé máńgòrò ti dí ẹnu ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sẹ́yìn o, ṣé n lè fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó?

OjúSánmọ̀: Ẹ má bò ó o, nẹ́ẹ̀tì á mu lára omi. Ẹ gbé e jìnnà sí igi yẹn.