Ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá àti èyí tó tẹ̀ lé e: ṣé mo ṣi ìṣirò ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìmìtìtì ilẹ̀. Ẹ gbà mí.

Ní Nepal lọ́dún 2015, èyí tó wáyé lóṣù kẹrin jẹ́ 7.8 lórí òṣùwọ̀n bí ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe tóbi tó (magnitude). Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, òmíràn tún dé, 7.3. Lójú tèmi, ọmọ ìyá ni wọ́n, àfi ìgbà tí mo kà á pé tí nọ́ńbà yẹn bá fi 1 péré lé sí i, agbára tó tú jáde á di nǹkan bí ìlọ́po 32. Mo wá tẹ 10 sínú ẹ̀rọ ìṣirò, mo gbé 0.75 lé e lórí bíi power (ìyẹn 1.5 tó wà nínú ìlànà ìṣirò náà, lọ́nà 0.5 tó jẹ́ ìyàtọ̀ 7.8 àti 7.3), ó gbé 5.6 jáde. Ṣé pé ti àkọ́kọ́ ju ìkejì lọ ní ìlọ́po márùn-ún àtààbọ̀ nìyẹn?

Ti Tọ́kì ló wá dà mí lọ́kàn rú jù. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì 2023, 7.8 mì, kò tó wákàtí mẹ́wàá tí 7.5 tún fi mì. Ìlọ́po 2.8 péré! Ṣé a ṣì lè pe irú ìyẹn ní àtẹ̀lé (aftershock, ìmìtìtì tó ń tẹ̀ lé ńlá), àbí ó dá dúró láyè ara rẹ̀?

Tá a bá sì ro gbogbo kéékèèké tó ń tẹ̀ lé ńlá kan pọ̀, ṣé agbára wọn lè dé tirẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà ṣàlàyé fún mi.