Kí ló wó ìjọba tiwantiwa Jámánì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní?

Tíṣà Adó: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Èkìtì. Ọmọ SS3 kan bi mí ní kíláàsì pé ṣé gbèsè ogun, owó ìtanràn tí àwọn tó ṣẹ́gun ní kí Jámánì san, nìkan ló ba ìjọba tí Jámánì dá sílẹ̀ ní 1919 jẹ́?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Gbèsè yẹn pọ̀ lóòótọ́, bílíọ̀nù 132 máàkì góòlù, ṣùgbọ́n ti Ruhr, agbègbè iléeṣẹ́ ńláńlá ní Jámánì, ló pa owó wọn gan-an, Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù kó sójà wọbẹ̀ ní Jánúárì 1923, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba wá ń tẹ owó ṣáá láti fi bọ́ wọn, nígbà tó fi máa di Nòfẹ́ńbà dọ́là kan ti di tírílíọ̀nù 4.2 máàkì. Ẹni tó ti ń tọ́jú owó látọjọ́ pípẹ́ ò lè fi ra búrẹ́dì mọ́! Ó máa ń dùn mí, torí mo mọ bí màmá mi ṣe ń ka owó àjọ l'Ọ́jà Ọba.

Ìyá Ìbejì: Owó tuntun, Rentenmark, tún un ṣe o. Àìríṣẹ́ tó dé lẹ́yìn 1929 ló burú jù lójú tèmi, bíi mílíọ̀nù 6 èèyàn ni ò níṣẹ́ ní 1932, kí Hitler tó gorí àlééfà ní Jánúárì 1933.

Tíṣà Adó: Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Ti dọ́là yẹn ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la.