"Àrọwà" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "ìyínilọ́kànpadà"

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó máa pe ẹ̀kọ́ tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ girama bí wọn yóò ṣe sọ̀rọ̀ tàbí kọ̀wé kí ẹni tí kò gba tiwọn tẹ́lẹ̀ lè gbà, ẹ̀kọ́ tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pè ní rẹ́tọ́ríìkì. Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ mú "ìyínilọ́kànpadà" wá. Àbúrò wa kan tó jẹ́ olùkọ́ èdè fèsì pé "ọnà èdè", ìyẹn ohun tí a fi ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ bí òwe àti àfiwé, ti wà nílẹ̀, pé ó sì tó. Ẹlòmíràn dábàá "àrọwà", kíá ni wọ́n ta kò ó pé ẹ̀bẹ̀ ni àrọwà, pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbèjà èrò rẹ̀ kò gbọdọ̀ dà bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yìn "àrọwà" ni mo wà, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, torí orúkọ tí a bá fún ẹ̀kọ́ yìí ni olùkọ́ yóò tẹ̀ lé nínú kíláàsì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "ìyínilọ́kànpadà". Àbájáde ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ, kò sọ iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀. Bí mo bá ní mo yí Òjó lọ́kàn padà, ọkàn Òjó ti yí nìyẹn. Kò sí ẹni tó máa sọ pé "mo yí i lọ́kàn padà, ṣùgbọ́n kò gbà". Àmọ́ a máa ń sọ pé "mo pàrọwà fún un títí, kò gbà", kò sì sí ohun tó ṣe gbólóhùn náà. Ìyàtọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi, Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gíríìkì, kọ ọ́ pé iṣẹ́ rẹ́tọ́ríìkì kì í ṣe pé kéèyàn borí dandan, bí kò ṣe pé kó rí gbogbo ọ̀nà tó wà nínú ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan láti mú olùgbọ́ gbà. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ìṣègùn rí: a lè tọ́jú ẹni tí kò lè rí ìwòsàn mọ́, kí ìtọ́jú náà sì dára.

Ọ̀rọ̀ máàkì lèyí já sí fún olùkọ́. Ọmọ tó kọ àròkọ tó mọ́yán lórí nípa èrò tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò fara mọ́ yẹ kó gba máàkì rẹ̀ pé. Lábẹ́ "ìyínilọ́kànpadà", olùkọ́ lè wí pé "o kò yí mi lọ́kàn padà", kó sì já ọmọ ọlọ́mọ kulẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, inú ìwàásù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìyípadà ọkàn. Ẹ̀ṣẹ̀ àti ìrònúpìwàdà ló máa wá sí wọn lọ́kàn.

Ní ti pé ẹ̀bẹ̀ ni àrọwà, n kò gbà. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ lè má sọ ìdí kankan: "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi" ti tó ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ń pàrọwà gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń kà sílẹ̀: wo àwọn ọmọ tó wà láàárín yín, wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí lè já sí, wo ohun tí ìwọ fúnra rẹ sọ lánàá. Òótọ́ ni pé ẹni tínú ń bí la sábà máa ń pàrọwà fún. Kí ló burú níbẹ̀? Ẹni tí kò gba tiwa là ń kọ̀wé sí. Ẹni tó ti gbà tẹ́lẹ̀, kí la tún ń bá a fà? Ohùn pẹ̀lẹ́ tó wà nínú àrọwà gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́, torí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ ní àròkọ alárìíyànjiyàn, èébú ni sí ẹni tó wà ní òdìkejì. Ká sì fi "alárìíyànjiyàn" sí àyè tirẹ̀, ìyẹn àròkọ tó gbé ìhà méjèèjì yẹ̀ wò. Àròkọ àrọwà mú ìhà kan, ó sì dúró tì í.

"Ọnà èdè" ńkọ́? Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n apá kan ni. Àwọn ará Róòmù, Cicero àti Quintilian nínú wọn, pín ẹ̀kọ́ yìí sí márùn-ún: wíwá ohun tí a ó sọ, títò ó, fífi èdè wọ̀ ọ́, kíkọ́ ọ sórí, àti sísọ ọ́ jáde. Inú ìkẹta ni ọnà èdè wà. Bí a bá fi orúkọ ìyẹn pe gbogbo rẹ̀, àwọn ọmọ á rò pé kí àwọn ṣáà ti da òwe àti àfiwé tààrà sínú àròkọ ni. A sì ti ń rí i: òwe á jókòó ní ìlà kìn-ín-ní, kò ní bá ìlà kejì tan.

Ibi tó gba àròjinlẹ̀ jù ni àwọn ọ̀nà mẹ́ta tí Aristotle là sílẹ̀ láti mú olùgbọ́ gbà: ethos (irú ẹni tí olùsọ̀rọ̀ fi ara rẹ̀ hàn), pathos (ohun tí ọ̀rọ̀ mú kí olùgbọ́ ní lọ́kàn) àti logos (àlàyé inú ọ̀rọ̀ náà). Ohun tí wọ́n dábàá fún wọn ni "ọmọlúwàbí", "ẹ̀dùn ọkàn" àti "ẹ̀rí".

"Ọmọlúwàbí" dùn létí, ṣùgbọ́n kò bá a mu. Aristotle là á mọ́lẹ̀ pé ìwà tó hàn nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ lòun ń wí, kì í ṣe ohun tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ nípa olùsọ̀rọ̀ kó tó la ẹnu. Mẹ́ta ló kà: làákàyè, ìwà rere, àti inú rere sí olùgbọ́. Ọmọ girama tó ń kọ̀wé sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí kò ní orúkọ tí yóò gbójú lé. Inú gbólóhùn rẹ̀ nìkan la ti lè mọ irú ẹni tó jẹ́. "Ìwà inú ọ̀rọ̀" ni mo dábàá. Olùkọ́ á wá lè béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé: níbo nínú àròkọ yìí lo ti fi hàn pé o gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ?

"Ẹ̀dùn ọkàn" há jù, ìbànújẹ́ ni. Nígbà tí Aristotle máa to àwọn ìmọ̀lára wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ, ìbínú ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì dé orí ìbẹ̀rù, ìtìjú, àánú àti ìlara. "Ìmọ̀lára olùgbọ́" ló gba gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ "olùgbọ́" kúrò níbẹ̀ o, torí bí ẹ bá yọ ọ́, ọmọ á máa kọ nípa bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dun òun fúnra rẹ̀ tó.

Fún logos, ẹ̀rí ni ohun tí a kó wá. Bí a ṣe ti ara rẹ̀ dé ìparí ọ̀rọ̀, nǹkan mìíràn nìyẹn. "Ìdí ọ̀rọ̀" gba méjèèjì. Abẹ́ rẹ̀ ni èyí tí mo fẹ́ràn jù wà, tí wọ́n ń pè ní enthymeme: olùsọ̀rọ̀ á fi apá kan àlàyé sílẹ̀, olùgbọ́ ló máa fi kún un. Ẹnìkan ní ká pè é ní "àlàyé aláìpé". Rárá o! Àbùkù ni àìpé. Yorùbá ti ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Kí la tún ń wá? "Àlàyé alábọ̀" ni. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ di odidi máa ń gbà pé òun ló ni ín, ta ló sì ń bá ara rẹ̀ jiyàn?

Ẹ wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ: "Ó yẹ kí wọ́n máa ṣí ilé ìkàwé sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ bá ti parí nítorí pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ nílò ibi tí a ó ti máa kàwé, àti nítorí pé nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́ a kì í ráàyè lọ síbẹ̀, èyí tó mú kí ilé ìkàwé náà má wúlò fún wa." Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ òǹkàwé kó tó dé ìdajì. Kí ọmọ náà tún un hun: "Aago méjì ni ẹ̀kọ́ ń parí. Aago méjì náà ni wọ́n ń ti ilé ìkàwé. Ta ni wọ́n wá ń ṣí i fún?" Gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ ni méjì àkọ́kọ́, "ni" ti gbé aago méjì síwájú lẹ́ẹ̀mejì, òǹkàwé kò lè fò ó. Ìkẹta jẹ́ ìbéèrè pèsìjẹ. Èsì rẹ̀ ni pé wọn kò ṣí i fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àlàyé alábọ̀ nìyẹn. (Ẹ sì wo bí ẹni tó ṣẹ̀dá "pèsìjẹ" ṣe mọṣẹ́: pa èsì jẹ. Orúkọ náà sọ ohun tí ìbéèrè ọ̀hún ń ṣe. Irú rẹ̀ ló yẹ ká máa lé.)

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọgbọ́n gbólóhùn, ìyẹn bí òǹkọ̀wé ṣe ń to gbólóhùn rẹ̀, ti wọlé. Àwọn kan ní ká máa pè é ní "ìhun gbólóhùn", ṣùgbọ́n ìyẹn ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú gírámà: gbólóhùn abọ́dé (tó ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan), oníbọ̀ (tí a fi gbólóhùn kan bọ inú òmíràn), alákànpọ̀ (tí a so gbólóhùn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀). Ohun tí èdè gbà láàyè ni ìhun ń sọ. Ohun tí à ń wí níbí ni èyí tí òǹkọ̀wé yàn nínú wọn àti ìdí tó fi yàn án. A ní ìṣọwọ́lò-èdè, a ní ìṣọwọ́kọ. Mo wá dábàá "ìṣọwọ́hun gbólóhùn". Ọmọ tó mọ ìhun á dá gbólóhùn oníbọ̀ mọ̀. Ẹni tó mọ ìṣọwọ́hun á mọ ìgbà tó yẹ kí abọ́dé kúkúrú kan tẹ̀ lé oníbọ̀ gígùn.

Àwítúnwí náà yẹ ká pín in sí méjì. Nígbà tí Martin Luther King sọ̀rọ̀ ní Washington ní 28 oṣù kẹjọ, 1963, ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ló ti ń tún ọ̀rọ̀ àlá rẹ̀, "mo ní àlá kan", wí: "àwítúnwí iwájú". Ti Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní Gettysburg ní 1863, níbi tó ti parí apólà mẹ́ta tẹ̀ léra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà tó túmọ̀ sí àwọn ará ìlú, "àwítúnwí ẹ̀yìn" ni. Àwọn orúkọ Gíríìkì tó kù, bíi chiasmus (yíyí ètò ọ̀rọ̀ apá àkọ́kọ́ padà nínú apá kejì), ẹ jẹ́ ká ṣì fi wọ́n sílẹ̀ ná. Ọmọ lè ṣe é láìmọ orúkọ rẹ̀.

Ó ku ibi tí òǹkọ̀wé ti gbà pé alátakò òun rí òótọ́ kan sọ, kó tó máa bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n wa pe ìyẹn ní "ìjuwọ́sílẹ̀". Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ tún un wò. Ẹni tó juwọ́ sílẹ̀ ti fi ìjà sílẹ̀ nìyẹn, ọmọ tó bá gbọ́ ọ kò ní fẹ́ dánwò rẹ̀ láé. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, "mo gbà fún ọ níbẹ̀, àmọ́…" la máa ń wí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìgbàfún", ká sì máa fi "lóòótọ́ ni pé… síbẹ̀…" kọ́ wọn láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.