Òfin "a kò gba ìfòòró láyè": kí lojú yín rí nílé-ìwé yín?

Ọmọ Ìbàdàn, SS2
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n tún ti fún wa ní fọ́ọ̀mù ní sáà yìí, pé kí àwa àti òbí wa buwọ́ lù ú pé a ò ní fòòró ẹnikẹ́ni. Inú ọkọ̀ ni mọ́mì mi ti buwọ́ lù ú, wọn ò tiẹ̀ kà á. Oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí fídíò ọmọbìnrin kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá létí nílé-ìwé kan ní Àbújá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ni tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ òfin káàkiri. Níbi tẹ́ ẹ wà, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ẹ má dárúkọ ilé-ìwé o, ẹ má sì dárúkọ èèyàn.

Rédíò
Ẹ máa gbọ́ ìdí tí mo fi ń jẹ́ Rédíò. Ara ògiri họ́sítẹ́ẹ̀lì ni tiwa wà, wọ́n fi gíláàsì bò ó. Ó ní kí júníọ̀ tí wọ́n bá fòòró tètè lọ fẹjọ́ sun hausmísítírẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó kọ ọ́ ò sùn ní yàrá wa rí.

JSS2 ni mo wà nígbà náà. Síníọ̀ kan wà tó jẹ́ pé tí n bá pọn omi tán ní ìdájí, tí mo ní kí n lọ mú ọṣẹ, kí n tó dé, ó ti fi wẹ̀. Mílò mi ńkọ́? Òun ló ń gbowó-orí lórí ẹ̀. Mo lọ sọ. Mọ́mì hausmísítírẹ́ẹ̀sì ò fi falẹ̀ rárá, wọ́n pè é jáde ní asẹ́ńbílì, wọ́n ní kó lọ roko ẹ̀yìn ilé ìdáná, gbogbo wa ń wò. Lójú àwọn tíṣà, ẹjọ́ ti parí.

Wọ́n paná lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń retí ìgbátí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Láàárọ̀, mo kí wọn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Tí mo bá wọlé báyìí, ẹnì kan á ní, "Asọ̀rọ̀-má-gbèsì dé o, ẹ yí i sílẹ̀." Ni gbogbo yàrá á bá dákẹ́. Àwọn JSS2 ẹlẹgbẹ́ mi gan-an kì í bá mi jókòó ní dáínì mọ́, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni títí sáà fi parí. Nínú gbogbo òfin abẹ́ gíláàsì yẹn, èwo ló ní kí wọ́n dá mi lóhùn?

Príféẹ̀tì àná
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ojú rẹ rí nǹkan. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ti àwa síníọ̀ náà. Tíṣà méjì péré ló ń gbé inú ọgbà. Ta ló ń jí àwọn ọmọ láago márùn-ún? Àwa ni. Bí ilẹ̀ ò bá mọ́, ta ni hausmásítà ń bá wí? Àwa náà ni. Ẹnu tó ní "ẹ rí i pé wọ́n ṣe é" ló tún ń sọ pé "ẹ ò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ wọ́n". Ká wá fi kí ni rí i? Lójú tèmi, torí àwọn òbí tó ń bọ̀ wá gba fọ́ọ̀mù ni wọ́n ṣe kọ òfin yẹn. Ẹ tún wò ó, lọ́dún tí ọmọ alága ẹgbẹ́ òbí fọ́ èèyàn lẹ́nu, ọ̀sẹ̀ méjì tó yẹ kó lọ lò nílé di "ìkìlọ̀".

Ìjẹ̀bú Girl
Àpótí ẹ̀sùn tiwa wà lẹ́nu ọ́fíìsì ọ̀gá, ọ̀kánkán kíláàsì SS3. Ẹ wá sọ ẹni tó máa lọ jùwé sínú ẹ̀. Ọ̀rá bísíkíìtì ló kún ibẹ̀.

Ọmọ Peckham
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ní England níbí, òfin ọdún 2006 ló ní kí àwọn ilé-ìwé ìjọba ní ètò tí wọn ò fi ní gba ìfòòró láyè. Tó bá di oṣù kọkànlá, a máa ń ṣe ọ̀sẹ̀ kan lórí ẹ̀, wọ́n á ní ká wọ ìbọ̀sẹ̀ tí kò bára mu, láti fi hàn pé a ò rí bákan náà. Ẹ gbọ́ ná. Ọmọkùnrin tó ń pe èmi Olúwafèyíṣaramí ní "Olu-WiFi" láti September náà wọ pupa lẹ́sẹ̀ kan, ó wọ àwọ̀ ewé lẹ́sẹ̀ kejì. Fọ́tò ẹ̀ ni wọ́n gbé sí ìwé ìròyìn ilé-ìwé.

Ṣùgbọ́n n ò ní parọ́ mọ́ tíṣà kíláàsì mi. Kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, wọ́n kọ́kọ́ bi mí pé kí ni mo fẹ́. Mo ní kí wọ́n má pè é jáde, kí wọ́n ṣáà gbé ìjókòó mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Rédíò
Ká ní wọ́n bi èmi náà bẹ́ẹ̀ ni.

Òṣogbo, ilé-ìwé ojúmọ́
Ti àwa tó ń lọ láti ilé ńkọ́? Orí WhatsApp ni tiwa. Wọ́n fi fọ́tò mi ṣe sítíkà, wọ́n fi ẹnu ewúrẹ́ sí i. Mo mú un lọ fún olùdámọ̀ràn ilé-ìwé. Wọ́n ní òfin ò gba fóònù láyè, torí náà ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí fóònù ò kàn wọ́n. Ni wọ́n bá gba fóònù mi.

Ọmọ Lọ́yà
Ẹ jọ̀ọ́, ó kàn wọ́n. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003, abala 11, ní a ò gbọ́dọ̀ ṣe ọmọ léṣe, yálà lára, lọ́pọlọ tàbí lọ́kàn. Sítíkà wà nínú ẹ̀. Dádì mi ló fi hàn mí.

Òṣogbo, ilé-ìwé ojúmọ́
Ẹ bá mi bẹ dádì yín kí wọ́n wá bá mi gba fóònù mi.

Ọmọ Ìbàdàn, SS2
Háà! Ṣé kò sẹ́ni tí tiẹ̀ ṣiṣẹ́ ni?

Èkìtì, SS1
Tiwa ṣe díẹ̀. Wọn ò lẹ ìwé kankan. Wọ́n kó gbogbo JSS1 kúrò láàárín wa, wọ́n fún wọn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tiwọn, mátírọ́ọ̀nù ń sùn síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi ìdájí tán pátápátá.

Príféẹ̀tì àná
JSS2 ńkọ́?

Èkìtì, SS1
Àárín wa ni wọ́n ṣì wà, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ló ń pọn ún báyìí.